Oúnjẹ Tí O Ń Kọ̀ ní Salamanca

Glenn Dale, Maryland
Ọ̀sán Ọjọ́rú

Fèyíṣayọ̀ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn fọ abọ́, tí mo pọ̀n sẹ́yìn kàwé ìdánwò,

Ìdí tábìlì kíṣìnì wa ni mo wà tí mo ti ń kí ọ. Mi ò níṣẹ́ lónìí, ó di Ọjọ́ Ẹtì kí n tó padà sí ọsibítù. Bàbá rẹ ti jáde. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo sì gbé fóònù jìnnà sí mi kí n má baà máa wo fídíò kiri. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́. Tí mo bá parí, màá ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, màá fi ránṣẹ́ sí ọ. Má pè mí láti sọ pé ó ti gùn jù. Mo mọ̀ pé ó máa gùn.

Wàá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, ti ibi iṣẹ́ ni. Mo lè fi sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ ẹni yìí ń ru, mo sì lè fi bá àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe jà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò gba ibẹ̀ jáde. Ìwọ náà sì gbọ́ Yorùbá ju bí o ṣe ń díbọ́n lọ. Ta ló ń ka Bíbélì fún ìyá mi nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà yẹn. O máa ń ka Sáàmù bí ẹni tó ń gun òkè, màmá á sì máa ṣe "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n" tẹ̀lé ọ. Ka èyí náà sókè bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú ò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ yín ti bá ọ rí yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ rẹ ń gbé, pé o fẹ́ kúrò nílé màmá tó gbà ọ́ sílé, àti pé Ọjọ́ Ẹtì yìí lo gbọ́dọ̀ fún wọn lésì. O tún wá fi ohùn kékeré kan sọ ọ́ pé tí yẹn náà ò bá rọrùn, o lè kúkú padà wálé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lo lò nínú ọdún kan tó yẹ kí o fi kàwé ní Sípéènì. Mo bi ọ́ pé kí ni màmá náà fi ṣe ọ́.

O ní, "Nothing, Mummy. Wọn ò kàn like mi. First week, they were laughing with me. Now they just pack the food and go."

"Ṣé wọn kì í fún ẹ lóúnjẹ ni?"

"They ask. I say no, thank you. Then I'm waiting for them to ask again, wọn ò sì ní bi mí mọ́."

"Kí lo wá ń jẹ?"

"Biscuit. Mo ní biscuit nínú room."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, a sì fi bẹ́ẹ̀ dágbére. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo dúró níbi iná pupa, mo sì rí i kedere pé ebi ló ń pa ọmọ mi nílẹ̀ onílẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ohun tó fi ń pa á. Iná yí padà, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń tẹ họ́ọ̀nù kíkan kíkan, mi ò tiẹ̀ gbọ́.

Jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. A lọ kí màmá kan nínú ìjọ wa ní Mitchellville, àwọn tí ilé wọn ní àtẹ̀gùn méjì tí o ń bi mí pé èwo ni wọ́n ń gùn. Wọ́n gbé mít-páì síwájú rẹ. O ò wo mít-páì. Ojú mi lo wò. Mo la ojú sí ọ díẹ̀, kò sẹ́lòmíì tó rí i. O ní, "No, thank you ma, we have eaten." Ikùn rẹ sì kùn lójú gbogbo wa! Wọ́n bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o tún wò mí, mo tún la ojú. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o sì mọ̀ pé mo ti gbà. O mú mít-páì, o jẹ ìdajì, o fi ìdajì sílẹ̀ sínú àwo. Màmá náà pariwo, "Háà! Ẹ ṣe é o, ẹ kọ́mọ! These ones born here, ta ló tún ń ṣe báyìí?"

Orí mi wú. Nínú mọ́tò mo sọ fún ọ pé o ò fojú mi gbolẹ̀. Nígbà tí a délé, o jẹ ìrẹsì abọ́ méjì láìbọ́ bàtà.

Ohun tí mi ò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà ni pé eré ni gbogbo rẹ̀, eré tí gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ mọ òfin rẹ̀. Nílé wa, ẹni tó kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ò tíì kọ̀ ọ́. Ẹni tó sì fi oúnjẹ lọni lẹ́ẹ̀kan péré, kò fẹ́ kéèyàn jẹ ẹ́ ni. Ọmọdé tó bá jẹ àjẹtán nílé onílé, wọ́n á ní ebi ń pa á nílé ìyá rẹ̀. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ìyẹn láìsọ̀rọ̀, ojú ni mo fi kọ́ ọ. Mo wá kó aṣọ rẹ sínú àpótí, mo gbé ọ dé pápákọ̀ òfurufú, mi ò sì rántí sọ fún ọ pé màmá tó ò ń lọ bá ò mọ òfin eré yẹn.

Wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ sọ fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. O ní wọ́n bu oúnjẹ kún àwo rẹ, o jẹ ìdajì, o fi ìdajì sílẹ̀. Wọ́n bi ọ́ pé ṣé kò dùn ni. O ní ó dùn. Ọjọ́ kejì, o tún fi ìdajì sílẹ̀. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wọn ti lọ síbi tó jìnnà, wọ́n ń dìde láàárọ̀ lọ ra ẹja tútù nítorí àlejò. Àlejò ń sọ pé ó dùn, kò sì jẹ ẹ́. Kí lo fẹ́ kí wọ́n rò? Wọ́n rò pé o ò fẹ́ràn ọwọ́ wọn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n má baà yọ ọ́ lẹ́nu, bí o bá sì ti ní rárá, wọ́n á gbà á gbọ́.

Mo bi Marisol, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ El Salvador tó ń sọ Sípáníìṣì, bóyá èmi ni mo ń ro èròkerò. Ó gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ ìyá òun, ẹni tó bá fi oúnjẹ sílẹ̀, ìyá òun gan-an ló fi sílẹ̀ yẹn. Ó ní kí n sọ fún ọ kíá. Mi ò lè sọ ọ́ kíá, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, bàbá rẹ pàápàá ò mọ̀ ọ́n tán. Kí a tó kó wá sí Glenn Dale, Capitol Heights la ń gbé, nísàlẹ̀ ilé kékeré kan tí kò jìnnà síbùdó reluwé. Mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta lórílẹ̀-èdè yìí, oyún rẹ sì ti di oṣù márùn-ún. Bàbá rẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ́ sí kíláàsì. Láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi àti ìwé ìdánwò nọ́ọ̀sì nìkan la jọ ń wo ara wa. Mo máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀, kí n má parọ́ fún ọ.

Miss Lorraine ló ń gbé nílé kejì. Adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, páì ọ̀dùnkún wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi fọ́ìlì bò ó, ó ṣì gbóná. Wọ́n ní àwọn rí i pé mo lóyún, àwọn ò sì rí ìyá kankan lọ́dọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo dúpẹ́ títí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì dúró tí páì náà bí ẹni tí wọ́n gbé ejò fún. Gbogbo ohun tí ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi nípa oúnjẹ ẹni téèyàn ò mọ ìdílé rẹ̀, pàápàá pẹ̀lú oyún nínú, ló ń dún létí mi. Àbẹ̀kẹ́, mo jù ú sínú àpò ìdọ̀tí. Mo fọ àwo, mo dá a padà.

Wọ́n bi mí pé báwo ló ṣe rí. Mo ní, "Very delicious, ma."

Inú wọn dùn, wọ́n sì tún ṣe òmíràn wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo jù ú nù. Wọ́n tún ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìyẹn náà, mo jù ú nù pẹ̀lú fọ́ìlì rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ń wá kó ìdọ̀tí, mo ṣílẹ̀kùn, ajá kan ti fa àpò wa ya sójú ọ̀nà. Miss Lorraine ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn bá wa ṣa ìdọ̀tí kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Páì náà wà níwájú wọn, odindi, kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n wò ó. Èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdù, mo ń wò wọ́n. Wọ́n mú un, wọ́n dá a padà sínú àpò, wọ́n so ẹnu rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní, "Morning, baby. You feeling all right?" Mo ní ara mi le.

Wọn ò gbé nǹkan kan wá mọ́. Wọ́n ń kí mi o, wọn ò bínú lójú, ṣùgbọ́n wọn ò kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Mo bí ọ, o ń ké láti àárọ̀ dọ̀sán, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ilé kejì. Obìnrin tó ti tọ́ ọmọ mẹ́rin ni wọ́n, ìgbésẹ̀ ogún péré ló wà láàárín wa. Ojú ò jẹ́ kí n lọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi sọ pé màá lọ lọ́la, màá lọ bẹ̀ wọ́n. Mi ò lọ.

Ọjọ́ tí à ń kó ẹrù jáde ni wọ́n wá. Ìbọ̀sẹ̀ kékeré méjì tí wọ́n fọwọ́ hun fún ọ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí mi. "This one you don't have to eat, baby," wọ́n wí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé, mo sì sunkún sórí páálí ẹrù títí bàbá rẹ fi rò pé ilé náà ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀. Mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn títí di òní. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láyé. Títí di báyìí, tí iṣẹ́ bá gbé mi gba Capitol Heights, mo máa ń wá ọ̀nà míì gbà kí n má baà kọjá níwájú ilé yẹn.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa.

Àkọ́kọ́: tí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbà. Má dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Jẹ ẹ́ tán, kí ìdí àwo hàn. Tí ó bá dùn, sọ pé kí wọ́n bù sí i. Mo mọ̀ pé ó máa le fún ọ láti sọ ọ́, á dà bíi pé mo wà ní ìkángun tábìlì tí mo ń la ojú sí ọ. Mo ti dẹ ojú mi. Ìwà ọmọlúàbí tí mo kọ́ ọ ò tíì bàjẹ́, kí o bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbà ọ́ sílé ṣì ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é níbẹ̀ ló yàtọ̀.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ orúkọ. O ní wọ́n ní kí o máa pe àwọn ní Pilar, ìwọ sì ní kò ṣeé ṣe kí o pe ẹni tó dàgbà ju ìyá rẹ lọ ní orúkọ lásán. Ó dára. Ṣùgbọ́n o wá ń pè wọ́n ní kí ni? O ò pè wọ́n ní nǹkan kan! O ní tí o bá nílò wọn, o máa ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì títí wọ́n á fi yíjú. Ọmọ mi, ta ni á rí ẹni tó ń rìn wá dúró sẹ́yìn òun láìsọ̀rọ̀ tí àyà rẹ̀ ò ní já? Marisol ní kí o máa pè wọ́n ní Doña Pilar, pé ọ̀wọ̀ wà nínú ẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín pé ti àtijọ́ nìyẹn, ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Pè wọ́n láti yàrá. Pariwo ẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ tí o ní ó ń ro ọ́ nítorí ìrìn ojoojúmọ́, mi ò ní ìmọ̀ràn kankan fún ọ ju pé kí o máa rìn lọ. Níbí, mọ́tò la fi ń lọ ra mílíìkì, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹni tó ń gbé nílé kẹta ní ẹsẹ̀ méjì. Níbẹ̀ o ń fẹsẹ̀ rìn, èèyàn ń rí ọ. Máa kí wọn. Wá ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan, kí o máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi mọ ohun tí o máa rà. Kó o sì yé jà nítorí pé wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, wọn ò tì í nítorí tìrẹ. Bí o bá rí ṣọ́ọ̀ṣì, wọlé, bí o ò tiẹ̀ gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ń pè mí lóòjọ́. Kí n sọ òótọ́, inú mi ń dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Tí fóònù bá dún nínú àpò mi níbi iṣẹ́, mo máa ń sáré lọ sínú ilé ìwẹ̀ láti gbé e. Ṣùgbọ́n tí o bá ń bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹrin, tí o tún lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì bá wọn sọ ọ́, kí lo wá lọ ṣe ní Sípéènì? Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Èmi ni mo máa jìyà rẹ̀ jù, má dà mí lóhùn lórí ẹ̀.

Èyí tó kù yìí ló le jù fún mi láti kọ. Mo ro pé o ò sọ fún mi tètè pé nǹkan ò rọrùn nítorí ariwo tí mo pa nígbà tí o fi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ kọ́ Sípáníìṣì. Mo ní, "Spanish? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo sọ ọ́ níwájú àlejò. Mo sì tún un sọ. Ó ṣeé ṣe kó o máa jẹ bísíkíìtì nínú yàrá kí n má baà rí ibi tí màá ti sọ pé mo wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn arúgbó tó ń sọ Sípáníìṣì lórí bẹ́ẹ̀dì wa, tí wọ́n ń di ọwọ́ mi mú, tí mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí fún. Mo ti mọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ó pẹ́ kí n tó gbà, mo ṣì ọ́ gbọ́.

Tó o bá jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí Doña Pilar ò sì tíì yọ́nú sí ọ, kó lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mi ò ní bínú. Tí o bá sì fẹ́ wálé, yàrá rẹ wà níbẹ̀, mi ò tíì sọ ọ́ di ibi tí mò ń kó ẹrù sí. Ṣùgbọ́n sọ fún ọ́fíìsì kí wọ́n fún ọ láyè díẹ̀ sí i lórí èsì Ọjọ́ Ẹtì yẹn. Má fi ilé màmá yẹn sílẹ̀ kí wọ́n máa rò pé ọwọ́ wọn ò dùn. Wọ́n á rò ó títí wọ́n á fi kú, irọ́ sì ni.

Agogo méjì ti kọjá níbí. Lọ́dọ̀ yín, aago mẹ́jọ ti lu, wọ́n á máa gbé oúnjẹ alẹ́ kaná. Mi ò lè gbé fóònù pe Miss Lorraine, ìwọ ni mo lè bẹ̀. Má bínú, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ebi ti ń pa ọ́ kí wọ́n má baà sọ pé ìyá rẹ ò kọ́ ọ. Ó tó. Dìde nílẹ̀ yẹn, lọ jẹun.

Èmi tí mo bí ọ, tí inú mi sì ń dùn pé mo bí ọ,
Mummy